Ohun Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ṣe Ummusalamah

Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé nǹkan ń yún Ummusalamah lójú ara ló mọ orúkọ àrùn náà, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó wò ó. Oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá títì ní Morogbo ní sítáàfù ni. Ilé àyẹ̀wò kótópó tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gba ìtọ̀ ọmọbìnrin náà, àwọn náà ní sítáàfù ni, bẹ́ẹ̀ ilé àyẹ̀wò yìí kò tíì rí ẹnikẹ́ni tí kò ní sítáàfù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Ìyá alágbo ní àtọ̀sí ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ọmọ náà àti àwọn ayálégbé jọ ń lò ló ti kó o. Oníkálukú sì ní oògùn tirẹ̀: abẹ́rẹ́ ní ìdí ọ̀tún, abẹ́rẹ́ ní ìdí òsì, kápúsù aláwọ̀ méjì, àgbo tó korò bí ikú. Bí ó bá lò ó tán, ara á dà bí ẹni tó fẹ́ tù ú. Kò ní pẹ́, ohun funfun tó ki bíi wàrà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, yíyún náà á sì padà wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Ìyá rẹ̀, Alhaja Àdùní, tó ń ta ọ̀dà àti táìsì ní Morogbo, kò gba sítáàfù gbọ́, kò sì gba àtọ̀sí gbọ́. Ìmọ́tótó ló gbà gbọ́. Ó ra ìgò ńlá oògùn ìfọgbẹ́ kan, irú èyí tó máa ń sọ omi di funfun, ó ní kí Salamah máa dà á sínú kẹ́tùlù tó fi ń ṣe ìmọ́ra kí ó tó ṣe àlùwàlá. Bí nǹkan bá sì ń jáde lára obìnrin, ó gbọ́dọ̀ tún ara ṣe kí ó tó kírun. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ìrun bá tó, Salamah á wọ ilé ìwẹ̀, á fi omi funfun yẹn fọ ara rẹ̀ tinú tòde, á fi eyín há ètè nítorí bó ṣe ń ta á, lẹ́yìn náà á lọ dúró lórí ẹní. Bí ohun náà bá ṣe ń jáde sí i ló ń fọ̀ ọ́ sí i. Bó bá ṣe ń fọ̀ ọ́ sí i ló ń yún un sí i. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Jàmíù fi dé.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Jàmíù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò ní ìtòsí ibẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ló mú lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaja, níbi tí Salamah ti ń bá a tajà, ó ní àwọ̀ tí òun fẹ́ kí ògiri yàrá òun ní nìyí. Salamah gba ewé náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ṣé àwọ̀ ewé tòní ni kí òun po ọ̀dà náà bá, àbí àwọ̀ tí ewé náà máa ní lọ́la. Jàmíù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé iye ọ̀dà tó fẹ́ rà. Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá ṣàròyé pé ògiri òun ti dúdú ju bí òun ṣe rò lọ. Ìgbà tó tún wá, kò ní ẹjọ́ kankan mọ́, ó kàn ra búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi máa ra búrọ́ọ̀ṣì mìíràn lé e, Alhaja Àdùní bi í bóyá gbogbo Morogbo ló fẹ́ kùn.

Báyìí ni ìfẹ́ wọlé. Salamah ń pè é ní Tíṣà, òun ń pe Salamah ní Ummu. Ọ̀rẹ́ Salamah kan wà tó ń jẹ́ Nurat, tí wọ́n jọ lọ ilé kéwú láti kékeré; ọkọ Nurat àti Jàmíù jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni. Nurat wá di alárinà. Òun ló ń mú ìkíni lọ, òun ló ń mú ìkíni bọ̀, òun náà ló ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Topo, ní òdìkejì ọ̀sà, ní ọjọ́ ìsinmi kan kí àwọn olólùfẹ́ lè rí àyè sọ̀rọ̀.

Inú ọkọ̀ yẹn ni Salamah ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Yíyún náà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé àárín ọ̀sà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó tún nà án. Zinsu tó ń tu ọkọ̀ wò ó, ó fi Yorùbá olóhùn Ègùn rẹ̀ sọ pé, “Ìyàwó, ẹ rọra jókòó o. Omi yìí ò mọ ẹni tó ń fẹ́ra.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jàmíù bi í bóyá omi ń bà á lẹ́rù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí irọ́ yẹn ló rọrùn jù lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sórí yanrìn ní Topo, Jàmíù sọ fún un pé òun máa rán àwọn èèyàn òun sí ìyá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù gbá a mú. Báwo ni òun ṣe máa gbé irú ara yìí wọ ilé ọkọ? Kí ni òun máa sọ fún un ní òru àkọ́kọ́? Ó di ọwọ́ Nurat mú bí wọ́n ṣe ń padà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí.

Ní ìdílé Jàmíù, wọn kì í fẹ́ ọmọ tí wọn kò wádìí. Alárinà ni wọ́n sì máa ń bi. Ìyá Jàmíù pe Nurat lórí fóònù láti Ìsẹ́yìn, ó bi í bóyá wèrè wà ní ìdílé ọmọ náà, bóyá wárápá wà, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà. Nurat ní kò sí, kò sí, kò sí. Ibi tí ì bá ti dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi han ìyá náà pé olóòótọ́ ni òun, ó wá fi kún un pé àfi ìnfẹ́kíṣọ̀n kékeré kan ní ojú ara tó ti ń tọ́jú fún ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ náà kò wà ní kékeré mọ́ nígbà tó kúrò lórí fóònù. Ìyá Jàmíù bi ara rẹ̀ pé irú wúńdíá wo ló ń tọ́jú àrùn abẹ́ fún ọdún méjì. Ó bi àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bi ọkọ tirẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo agbo ilé ló ti mọ̀ pé ọmọbìnrin etí òkun kan ti tan Jàmíù jẹ, oníṣekúṣe tó ti kó àrùn lára àwọn onífàyàwọ́ ẹnubodè. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ Morogbo, wọn kò mọ ẹnubodè, wọn kò sì rí ọmọ náà rí.

Jàmíù wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Kò ra nǹkan kan.

“Ummu, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Ẹni tó ní kí n má bínú ti mọ̀ pé ohun tí òun ń gbé bọ̀ kò dára.”

Ó wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n sọ nǹkan kan fún ìyá òun. Ó ní òun kò sọ pé òun gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ jáde: “Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti wà kí n tó dé.”

Salamah gbé ìwé ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Tíṣà, bí orí bá ń fọ́ ọ, ta ni kí n bi pé ó fún ọ?”

“Èyí yàtọ̀.”

“Kí ló fi yàtọ̀?”

Jàmíù ní ìyá òun ní kí Salamah lọ sí ọsibítù, kí ó mú èsì àyẹ̀wò wá. Bí èsì bá ti dára, ọ̀rọ̀ ti parí.

“Táìsì ni wọ́n ń gbá létí kí wọ́n lè gbọ́ bóyá ó ti sán kí wọ́n tó sanwó rẹ̀,” ni Salamah wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Tíṣà, máa lọ.”

Ó lọ. Salamah jókòó sẹ́yìn àwọn garawa ọ̀dà. Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe ohun tí ọkùnrin náà béèrè. Ohun tí kò béèrè ni. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, kò bi í bóyá ó ń dùn ún. Nurat kò bi í rí. Ẹni tó ń gún un lábẹ́rẹ́ kò bi í. Gbogbo wọn ń wá ọkùnrin tó fún un ní àrùn, bí ẹni pé ara rẹ̀ jẹ́ ojú ọ̀nà tí ẹlòmíràn gbà kọjá, tí wọ́n sì ń wo ipasẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí ọsibítù kan ní Badagry. Kì í ṣe nítorí èsì tí wọ́n ní kí ó mú wá. Nǹkan ń yún un, òun ló sì ni ara rẹ̀.

Dókítà tó bá níbẹ̀, obìnrin ni, ọmọ Èkìtì, wọ́n ń pè é ní Dókítà Bólúwají. Salamah ti ka gbogbo oògùn tó ti lò fún un tán kí dókítà tó gbójú sókè.

“Nínú gbogbo àwọn tó fún ọ lóògùn yìí, ta ló wò ọ́?”

“Wọ́n gba ìtọ̀ mi, Mà.”

“Mi ò bi ọ́ ní ìtọ̀. Ta ló ní kí o dùbúlẹ̀, tó tan iná, tó wò ó?”

Salamah ronú. “Kò sí, Mà.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó pe nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é, ó béèrè bóyá ó ti mọ ọkùnrin rí. Nígbà tí Salamah ní rárá, ó gbà á gbọ́ bí ẹni gba omi mu, ó ní kò burú, òun kò ní ki nǹkan kan jìnnà. Ó wò ó. Ó fi owú tí wọ́n yí mọ́ igi tín-ín-rín mú díẹ̀ lára ohun funfun náà, ó ní kí wọ́n lọ fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, àti àwọn àrùn mìíràn. Lẹ́yìn náà ló bi í nípa ohun tó fi ń fọ ara. Salamah sọ nípa kẹ́tùlù àti omi funfun.

“Ìgbà mélòó lójúmọ́?”

“Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kírun.”

Dókítà bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Ọ̀sán ni èsì dé. Dókítà ní kò rí sítáàfù, kò rí àtọ̀sí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà kò ní àléébù. Ohun tó wà níbẹ̀ jọ ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní díẹ̀ lára, kì í sì í yọ wọ́n lẹ́nu, nítorí àwọn kòkòrò rere kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. “Abẹ́rẹ́ àti kápúsù yẹn ló ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn. Ẹ̀ṣọ́ kú tán, ìwúkàrà gba ilé. Wọ́n tún rí ìwúkàrà, wọ́n tún pa ẹ̀ṣọ́ tó kù. Oògùn ìfọgbẹ́ yẹn ní tirẹ̀ wá ń bó ọ láwọ.”

“Ṣé ara ọkùnrin ni wọ́n ti ń kó o, Mà?”

“O ti rí ọmọ ìkókó tí nǹkan funfun bo ahọ́n rẹ̀ rí? Òun kan náà ni. Ọkùnrin wo ló fún ọmọ ìkókó?”

Ó fún un ní oògùn, ó ní nítorí ó ti pẹ́ lára, yóò máa lo ẹyọ kan lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, yóò sì máa padà wá kí òun lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gún un lábẹ́rẹ́ sítáàfù láìwò ó. Omi lásán ni kí ó máa fi fọ ìta, kò sí ẹni tó ní kí a fọ inú.

Salamah ti rò pé bí òun bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, inú òun á dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Inú bí i. Ọdún méjì. Ohun tí dókítà mọ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, ọdún méjì ni àwọn yòókù fi gún un, tí wọ́n fi bó o, tí wọ́n fi bà á lórúkọ jẹ́.

Ó yà ní ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó bi í níwájú àwọn oníbàárà pé kí ló rí tó fi gún òun. Ọkùnrin náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Àńtí, ṣé òun ló máa máa wo ìdí obìnrin ni? Ó dé ilé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Alhaja kọ́kọ́ jà: ìmọ́tótó ni òun pè é, ta ni kì í ṣe ìmọ́tótó? Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

“Ó ń ta ọ́ tó bẹ́ẹ̀, o ò sì sọ?”

“Mo sọ, Mà. Ẹ ní bó bá ta ni ó ń ṣiṣẹ́.”

Alhaja dìde, ó gbé ìgò náà lọ sẹ́yìn ilé, ó dà á sínú gọ́tà.

Kò pẹ́ tí Jàmíù fi wá. Ó ti rù díẹ̀. Ó ní òun kò wá béèrè èsì. Ó ní òun jókòó sí yàrá òun, òun ń ro ọ̀rọ̀ tí òun sọ, ojú sì ń ti òun. Ó wá bi í, pẹ̀lú ohùn kékeré, bóyá ó máa ń dùn ún.

Ìgbà yẹn ni Salamah sunkún. Lẹ́yìn tó nu ojú, ó sọ gbogbo ohun tí dókítà rí fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Inú Jàmíù dùn, ó ní òun máa ní kí Nurat pe ìyá òun lọ́wọ́ kan.

“Rárá,” ni Salamah wí. “Ìwọ ni wàá lọ. Wàá lọ sí Ìsẹ́yìn, wàá dúró láàárín agbo ilé yín, wàá sì pè é lórúkọ.”

“Kí n pe kí ni lórúkọ?”

“Ojú ara mi. Ohun tó ṣe é. Àti ohun tí ẹ̀yin sọ pé ó ṣe é.”

“Níwájú àwọn bàbá mi, Ummu? Irú ọ̀rọ̀ yìí, a kì í sọ ọ́ níwájú wọn.”

“Níwájú wọn ni wọ́n ti pè mí ní oníṣekúṣe. Ìyẹn ló ṣeé sọ?”

Jàmíù kò ṣèlérí. Ó lọ, Salamah sì wò ó títí ó fi ré kọjá ìtàkùn wáyà tó wà lórí títì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá, fóònù kò dún. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun ti béèrè ju agbára ọmọ èèyàn lọ. Nurat wá bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òótọ́ ni òun rò pé òun ń sọ. Salamah dá a lóhùn pé òótọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló sọ. Ara ń tù ú. Ó ń sùn láìjí họra. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń wo ọ̀nà, inú sì ń bí i sí ọkàn náà.

Nígbà tí Jàmíù padà dé, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní òun ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ní àbọ̀, wọ́n ní ó ti yé àwọn, kí òun jókòó. Òun kò jókòó. Òun pè é lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá òun kan dìde, ó jáde. Ìyá òun ní, “Jàmíù, ó tó.” Òun ní kò tíì tó, nítorí òun náà wà nínú àwọn tó ṣẹ Salamah, òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó ti wà kí òun tó dé, kò sì sí ẹni tó wà.

“Kí ni ìyá rẹ sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan.”

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n wá tọrọ rẹ̀. Ìyá Jàmíù gbé aṣọ òfì wá, èyí tí wọ́n hun dáadáa, ó fi lé Salamah lẹ́sẹ̀, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alhaja Àdùní tẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé kí ó dúpẹ́. Salamah kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ fún aṣọ. Ní yàrá, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé aṣọ òfì dára, ṣùgbọ́n aṣọ kì í sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ yìgì pé. Ilé wọn ní Morogbo kún, àwọn ọkùnrin níwájú, àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́, Salamah láàárín wọn pẹ̀lú ìbòrí funfun. Àfáà ka èyí tó yẹ ní kíkà, ó bi Jàmíù, Jàmíù dáhùn. Ó wá yí sí Salamah, ó bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Salamah ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sẹ́nu. Kí ó tó gbé e dé, Àfáà ti rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀sìn ti yanjú èyí, pé bí wọ́n bá bi wúńdíá tó sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó gbà. Àwọn ọkùnrin ń kan orí. Ó ti fẹ́ kọjá sí àdúrà.

Salamah gbé ìbòrí rẹ̀ sókè.

“Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mi ò dákẹ́.”

Alhaja Àdùní na ọwọ́ láti fà á ní aṣọ, ó tún mú ọwọ́ náà padà.

“Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá mi sọ tèmi láìbi mí,” ni Salamah wí. “Èyí, èmi ni mo máa fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo gbà á. Mo gba Jàmíù ní ọkọ, inú mi sì dùn sí i.”

Àfáà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó jọ pé kò mọ ibi tí ó kàn. Ó wá béèrè, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ, bóyá àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́ ohun tí ìyàwó sọ.

Kí ọkùnrin kankan tó lanu, ohùn kan ti dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, ó le, ó sì gbọ̀n díẹ̀ ní ìparí. Ìyá Jàmíù ni. Salamah ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

“Èmi gbọ́. Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi.”